Aṣọ Eré fún Ọmọ Tí Kò Tíì Pè Ọ́ ní Màmá

Láti ọwọ́ èmi, Olóyè Arábìnrin Rẹ̀bẹ́kà, Ìyá Ìjọ tí ìjọ ò lè ṣe láìrí, Akápò Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyá Rere, Ọ̀gá Àgbà Pátápátá fún Ètò Ìmọ́tótó ní ilé ẹ̀kọ́ ńlá kan ní Durumi, ní àárín gbùngbùn olú ìlú Nàìjíríà, ẹni tí àwọn tíṣà máa ń yà fún lọ́nà nígbàkígbà tó bá ń gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi bọ̀.

Sí Bọ̀sẹ̀ ọmọ mi, ìyàwó tuntun ní Lugbe.

Ọkọ mi, ọmọ mi àtàtà,

Jókòó kí o tó ka ìwé yìí. Bí o bá ní nǹkan lórí iná, pa iná ná. O mọ̀ pé èmi ìyá rẹ kì í kọ lẹ́tà. Ohun tó gùn jù tí mo kọ gbẹ̀yìn ni orúkọ ara mi ní báńkì, wọ́n sì ní kí n tún un kọ. Nítorí náà, bí o bá rí i pé ìwé yìí pọ̀ lọ́wọ́ rẹ, kí o mọ̀ pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wúwo. Bàbá Wúrà ló máa gbé e wá bó bá ń fi takisí rẹ̀ gbé èrò lọ sí pápákọ̀ òfurufú. Má jẹ́ kó dúró jẹun o, èrò á máa bú u.

Mo gbọ́ gbogbo ohun tí o sọ lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú. O ní oṣù mẹ́ta rèé tí o ti wọlé ọkọ rẹ, ṣùgbọ́n Fèyí, ọmọ ọdún mẹ́fà tí o bá níbẹ̀, tí ìyá rẹ̀ ti kú, kò tíì pè ọ́ ní nǹkan kan. Kò pè ọ́ ní Màmá, kò pè ọ́ ní Àǹtí. Bó bá fẹ́ omi, á wá dúró ti fìríìjì, á máa wo ẹsẹ̀ rẹ. O ní tíṣà rẹ̀ kọ̀wé wá pé lọ́jọ́ Ẹtì yìí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan múra wá bí ẹni tó wù ú láti jẹ́ bó bá dàgbà. O ní o ti pinnu pé ayaba ni Fèyí máa jẹ́. O ní o rí ìró àtijọ́ kan nísàlẹ̀ àpótí aṣọ rẹ̀, aláwọ̀ búlúù tó ní ẹyẹ lára, pé kò sẹ́ni tó ń lò ó, pé tó bá di Ọjọ́bọ̀ o máa gé e, o máa fi ṣe kaba ayaba.

Bọ̀sẹ̀ mi, má gé e.

Jẹ́ kí n tún un kọ, kí o má baà sọ pé ojú rẹ fò ó. Má fi sísọ́ọ̀sì kan ìró yẹn.

Ìdí rẹ̀ ń bọ̀. N óò sọ àṣìṣe tèmi fún ọ, n óò sì sọ bí a ṣe ń ṣe aṣọ eré fún ọmọdé láìpe télọ̀ àti láìsunkún. Mo ti to ọ̀rọ̀ mi ní ẹsẹẹsẹ, ṣùgbọ́n bí mo bá ya bàrà lójú ọ̀nà, dúró dè mí, n óò padà.

Èkíní. Bi ọmọ léèrè kí o tó mú nǹkan dání.

Ọ̀nà tí ò ń rìn yìí, mo ti rìn ín. Nígbà tí mo fẹ́ Bàbá Wúrà tí mo sì kó wá sílé rẹ̀ ní Durumi, ilé ẹ̀kọ́ lo wà ní Kàbà, o ò sí níbẹ̀. Ọmọ ọdún méje ni àbúrò rẹ Wúrà nígbà náà. Ìyá tó bí i ti kú lọ́dún tó ṣáájú. Ọmọ tó gbọ́n, tó rẹwà, tí kò sí ẹni tí kò lè sín jẹ láyé yìí, ọmọ tó jẹ́ pé bí n bá ní kí n sọ òótọ́, òun ló ní làákàyè jù nínú ẹ̀yin ọmọ mi. Fún oṣù mẹ́rin gbáko, "ẹ̀yin" ló ń pè mí. "Ẹ̀yin, Bàbá ń pè yín." "Ẹ̀yin, ìkòkò ń jó o." Bí ẹni tó ń bá ẹni tí kò mọ̀ rí sọ̀rọ̀ níbùdókọ̀.

Ilé ìwé tirẹ̀ náà kọ irú ìwé yìí wá. Mo sáré lọ sí ọjà Wuse, mo ra aṣọ dókítà tó funfun báláú, tòun ti rọ́bà tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà. Mo ń rẹ́rìn-ín láti ẹnu ọ̀nà.

"Wúrà, wá wo ohun tí mo rà fún ọ! Dókítà!"

Ó wò ó. "Ta ni ara rẹ̀ ò yá?"

"Ara gbogbo wa yá. Ìwọ lo máa wọ̀ ọ́ lọ ilé ìwé."

"Mi ò fẹ́."

"Kí lo wá fẹ́?"

Ó yí padà lọ. Inú bí mi. Mo ní irú ọmọ wo rèé. Bẹ́ẹ̀ èmi ni mo ṣe àṣìṣe. Mo béèrè lẹ́yìn tí mo ti rà á tán, ọmọdé sì mọ̀ bí wọ́n bá ti dáhùn ìbéèrè kí wọ́n tó bi í.

Nítorí náà, bi Fèyí lónìí. Má dúró lé e lórí, ìwọ tí o ga bí òpó iná yìí. Jókòó sílẹ̀, kí ọwọ́ rẹ máa ṣe nǹkan, bóyá o ń ṣa ẹ̀wà. Bi í bí ìgbà tí o ń bi í pé aago mélòó ló lù. Lẹ́yìn náà, pa ẹnu mọ́. Bí kò bá dáhùn, máa ṣa ẹ̀wà rẹ. Ọ̀la ń bọ̀. Ọjọ́ méjì ni Wúrà fi dá mi dúró. Lọ́jọ́ kẹta, mo ń fọ abọ́, mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi pé, "Mo fẹ́ jẹ́ agbálẹ̀ títì."

Èkejì. Ohun tó bá mú, má ṣe yínmú sí i.

Mo yí padà tòun ti ọṣẹ lọ́wọ́. "Agbálẹ̀ títì kẹ̀? Ọmọ ẹlòmíì á ṣe awakọ̀ òfurufú, ọmọ ẹlòmíì á ṣe adájọ́, ìwọ á ru ìgbálẹ̀?"

Gbọ́ ẹnu mi o, èmi tó jẹ́ pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ọmọ ilé ìwé ni mo fọ̀ kí n tó délé lọ́jọ́ náà.

Ọmọ náà ní, "Iṣẹ́ màmá mi nìyẹn."

Mi ò mọ̀. Mo ti lo oṣù mẹ́rin nílé obìnrin náà, mo ń fi ìkòkò rẹ̀ se ọbẹ̀, mi ò bi ẹnì kankan pé iṣẹ́ wo ló ṣe. Ó wà lára àwọn tí a máa ń rí láàárọ̀ lẹ́bàá títì ńlá, pẹ̀lú ẹ̀wù àwọ̀sókè aláwọ̀ ọsàn tó ń kọ mànà bí iná mọ́tò bá kàn án, pẹ̀lú fìlà elétí fífẹ̀ àti ìgbálẹ̀ ọlọ́wọ́ gígùn. Àbúrò rẹ mọ bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ gbálẹ̀, bó ṣe máa ń na ẹ̀yìn, bó ṣe máa ń ké sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ yàgò, mọ́tò ń bọ̀ o!" Ó ṣe gbogbo rẹ̀ fún mi nínú ilé ìdáná. Ó dà bí ẹni pé obìnrin náà wọlé.

Bí Fèyí bá ní òun fẹ́ jẹ́ ewúrẹ́, ewúrẹ́ náà ni. Bi í pé irú ewúrẹ́ wo.

Ẹ̀kẹta. Iṣẹ́ ọwọ́ gan-an.

O ò mọ aṣọ rán, èmi náà ò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n aṣọ eré kò nílò ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ohun tó nílò ni sùúrù, okùn, tépù, àti àwọn nǹkan tí o fẹ́ dà nù.

Wá àpò ìrẹsì ńlá kan. Gbọ̀n ọ́n, fọ̀ ọ́, sá a. Yí inú rẹ̀ síta kí àkọlé má baà hàn. Ọpẹ́lọpẹ́ Bàbá Wúrà tó tètè rí i, ọmọ náà ì bá gbé orúkọ ìrẹsì kiri káàkiri ilé ìwé. Dojú àpò náà délẹ̀, kí ìdí rẹ̀ wà lókè: ibẹ̀ ni èjìká. Gé ihò ọrùn sí àárín ìdí yẹn, kí o sì jẹ́ kó kéré ju bí ọkàn rẹ ṣe ń sọ fún ọ lọ. O ṣì lè mú un fẹ̀ sí i, o ò lè dín in kù. Èmi gé tèmi bí ẹni tó ń rán aṣọ fún màlúù, ẹ̀wù náà já gba èjìká ọmọ lọ sí ìdí. A wá àpò míì. Lẹ́yìn ìyẹn, gé ihò apá sí ọ̀tún àti òsì, kí o sì la iwájú láti ọrùn dé ìsàlẹ̀. Ibi tí o bá gé á fẹ́ máa tú. Fi tépù di etí rẹ̀ yíká kíá.

Wàá rí i pé ohun tó ń kọ mànà ò ṣòro rárá. Inú ọ̀rá bisikíìtì ń dán bí fàdákà. Ẹ jókòó, kí ẹ jọ jẹ bisikíìtì náà, iṣẹ́ ni ìyẹn náà jẹ́. Nu inú ọ̀rá, gé e gbọọrọ, fi sítépílà kàn án mọ́ ẹ̀wù. Kí ẹnu píìnì rẹ̀ kọjú síta, kí o sì fi tépù bò ó. Mo kọjú tèmi sínú, ó fa ikùn ọmọ olọ́mọ ya. Ní kí Wúrà fi àpá rẹ̀ hàn ọ́, kò ní kọ̀, owó lásán ló máa kọ́kọ́ béèrè.

Fún fìlà, páálí tí o ká rìbìtì ti tó. Fi okùn yí orí ọmọ po láti mọ bó ṣe tóbi tó, kí o sì jẹ́ kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ di etí okùn kan mú. Má kánjú níbẹ̀, Bọ̀sẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Wúrà jẹ́ kí n fọwọ́ kan orí òun nìyẹn. Mo wọn orí yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo ti mọ̀ ọ́n láti ẹ̀ẹ̀kìíní.

Bó bá jẹ́ ẹranko tàbí ẹyẹ ló mú, má fi páálí bo ojú rẹ̀, kó má baà fi eyín gbá ilẹ̀. So ẹnu ẹyẹ náà mọ́ bẹ́líìtì aṣọ kan tí o máa dì sí iwájú orí rẹ̀, kí ojú tirẹ̀ wà ní ṣíṣí. Bébà ìròyìn tí a gé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ tó fi ṣe ìyẹ́, bí o bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì àtijọ́ bàbá rẹ̀. Béèrè lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ kí o tó mú síńgílẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀kẹrin. Wúrà ì bá fẹ́ kí n fo èyí, ṣùgbọ́n ó ní láti wọ̀wé.

Ẹ̀yìn ni mo ti so okùn ẹ̀wù àti ṣòkòtò rẹ̀, mo sì ta á ní kókó mẹ́ta kó má baà tú. A ń dán an wò lọ́wọ́ ni ìtọ̀ dé. "Ẹ̀yin! Ẹ̀yin! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sáré!" Mo sáré dé, mo tú kókó kìíní, mo tú ìkejì. Kókó kẹta, kò pọn dandan mọ́. A tún fọ ohun gbogbo, a tún sá a.

Iwájú ni kí okùn wà, ní kókó tí ọmọ lè fà tú fúnra rẹ̀. Kí o sì dán aṣọ náà wò lọ́jọ́ tó ṣáájú, kì í ṣe láàárọ̀ ọjọ́ náà tí bọ́ọ̀sì ilé ìwé ń fọn fèrè. Kó jókòó, kó lóṣòó, kó na ọwọ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ dáhùn ìbéèrè tíṣà.

Ẹ̀karùn-ún. Mo ti ń yí èyí po láti òkè.

Ó ku ọjọ́ méjì. Ẹ̀wù àpò ìrẹsì ti parí, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ ń ha ọmọ náà lára. Mo ní n óò fi aṣọ rírọ̀ yí i po. Wúrà wà nílé ìwé. Mo ń tún yàrá rẹ̀ ṣe, mo gbé fóòmù orí ibùsùn rẹ̀, mo bá ìró kan lábẹ́ rẹ̀. Àǹkárá ni, aláwọ̀ ilẹ̀ àti ìyeyè, ó ti gbó, ó ti dọ̀tí, etí rẹ̀ kan ti ya. Ó ń rùn díẹ̀, eruku pọ̀ mọ́ òórùn ìpara. Mo rò pé àkísà ni. Mo fi ọṣẹ púpọ̀ fọ̀ ọ́. Nígbà tó gbẹ, mo gé e sí méjì, mo ya tẹ́ẹ́rẹ́ kan lára rẹ̀, mo fi yí ọrùn ẹ̀wù náà po. Mo ń kọrin, Bọ̀sẹ̀. Inú mi ń dùn sí ara mi.

Wúrà wọlé. Ó rí i lórí àga. Ó mú un, ó gbé e símú, ó wá gbójú sókè wò mí.

"Ta ló fọ̀ ọ́?"

"Èmi ni. Ṣé o rí bó ṣe mọ́?"

"Ta ló gé e?"

"Ṣé torí ìyẹn lo ṣe ń wò mí báyìí? Àkísà ni! Mo máa ra tuntun fún ọ."

Ó rá wọ abẹ́ ibùsùn lọ.

Mo pè é wá jẹun, kò jáde. Mo bẹ̀rẹ̀ wo ibẹ̀, ó sún kan ògiri. Mo gbé fóònù, mo pe Bàbá Wúrà láti fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn. Bọ́ọ̀sì ló ṣì ń wà nígbà náà, ó sì wà lójú ọ̀nà Kàbà.

"Ẹ bá mi bá ọmọ yín sọ̀rọ̀ o. Torí àkísà kan tí mo gé, ó ti di ará abẹ́ ibùsùn."

Ó ní, "Ṣé aláwọ̀ ilẹ̀ àti ìyeyè?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó ní, "Òun ni ìyá rẹ̀ fi máa ń pọ̀n ọ́n. Ó ń fi sùn. Kì í jẹ́ ká fọ̀ ọ́, torí òórùn ìyá rẹ̀. Ó yẹ kí n ti sọ fún ọ."

Wo ohun tí mo ṣe. Mo fọ òórùn ìyá ọmọ dà nù, mo gé èyí tó kù, mo sì ń kọrin.

Mo padà wọ yàrá. Mo ní, "Wúrà." Ohùn tó dá mi lóhùn láti abẹ́ ibùsùn, ohùn tèmi ni. Tèmi gan-an, bí mo ṣe máa ń fa ìparí ọ̀rọ̀, bí mo ṣe máa ń fi imú sọ ọ́ bí mo bá ń gbéra ga: "Àkísà ni! Mo máa ra tuntun fún ọ." Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tún un sọ. Bí mo ṣe ń dún létí rẹ̀ láti oṣù mẹ́rin nìyẹn.

Mo kúnlẹ̀. Kíkúnlẹ̀ ò tó, torí mi ò lè rí ojú rẹ̀. Mo dùbúlẹ̀ sórí símẹ́ńtì, mo fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lélẹ̀. Mo ní, "Kì í ṣe àkísà. Mo ti gé e. Mi ò mọ̀, ṣùgbọ́n mi ò béèrè. Mo ṣẹ̀ ọ́, Wúrà. Dákun." Mi ò sọ pé n óò ra òmíì. Mi ò ní kó jáde. Mo wà níbẹ̀ títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé.

Ìgbà tó pẹ́, ohùn tirẹ̀ jáde. "Ṣé ẹ lè rán an padà?"

"Mo lè rán an. Ṣùgbọ́n ojú rírán á hàn."

"Kó hàn."

Ó bá mi fi òwú bọ abẹ́rẹ́. A rán ìró náà pọ̀, ìlà wọ́ bí ipa ìgbín. A tú tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lọ́rùn ẹ̀wù, ó ní kí n rán an sínú, sí apá àyà, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní rí i.

Bóyá aṣọ lásán ni ìró tó wà lọ́dọ̀ rẹ yẹn, mi ò mọ̀. Ìwọ náà ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ní ilé tí ìyá ti kú, aṣọ tó bá wà nísàlẹ̀ àpótí ọmọ, má sọ pé kò sẹ́ni tó ń lò ó. Kọ́kọ́ bi Bàbá Fèyí nígbà tí ẹ bá ku ẹ̀yin méjì. Lẹ́yìn náà, bi Fèyí pé irú ẹyẹ wo ló wà lára rẹ̀. Má fọ̀ ọ́.

Bó bá jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló ní òun fẹ́ wọ̀ ọ́, o ò nílò sísọ́ọ̀sì. Ṣẹ́ ìró náà po sí méjì kó má baà wọ́ nílẹ̀. Ti okùn tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú ìṣẹ́po rẹ̀ kọjá, kó aṣọ náà jọ lórí okùn, kí o sì so okùn yẹn níwájú ọrùn rẹ̀, kó dẹ̀ díẹ̀. Aṣọ ìléjìká ayaba rèé. Bí o bá wá so róbà irun mọ́ igun méjèèjì nísàlẹ̀, tí Fèyí ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, tó na apá, ó di ẹyẹ. Bó bá ti ilé ìwé dé, fa okùn, ìró á jábọ́ lódindi bó ṣe wà. Kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá a padà síbi tó ti mú un.

Ẹ̀kẹfà. Má ṣe máa retí.

Lọ́jọ́ náà, dókítà pọ̀ nílé ìwé bí ẹni pé àjàkálẹ̀ àrùn ló dé. Agbálẹ̀ títì, ẹyọ kan. Mo rò pé wọ́n á fi ṣe yẹ̀yẹ́. Màláàmù tó ń ṣọ́ géètì ló kọ́kọ́ rí i. Ó dìde lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀. "Kai! Sànnu da aiki, màdáámù!" Ó ń kí i kú iṣẹ́. Wúrà na ẹ̀yìn bí ìyá rẹ̀, ó sì dá a lóhùn bí ẹni tó ti ń gbálẹ̀ láti ìdájí.

Bí a ṣe ń padà bọ̀, mi ò retí nǹkan kan. Mo ń ro bí mo ṣe máa se ọbẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ bá mi mú ìgbálẹ̀ yìí, apá ń ro mí."

Mo gba ìgbálẹ̀. Mi ò yí ojú padà, kó má baà gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.

Ọmọ tí o bá nílé yẹn ò jẹ ọ́ ní orúkọ kankan, Bọ̀sẹ̀ mi. Ṣe aṣọ rẹ̀ kó bá a lára mu. Ìyẹn nìkan ni tìrẹ.

Ó ku ohun kan.

Àǹtí Bọ̀sẹ̀, ẹ kú ìjókòó. Màmá kọ́ ló kọ̀wé yìí.

Ẹ má tíì fà á ya. Màmá wà níbi iṣẹ́, wọ́n ń fọ kíláàsì. Lọ́jọ́ Àìkú tí ẹ pè, ẹ̀gbẹ́ wọn ni mo jókòó sí. Nígbà tí ẹ ní ẹ máa gé ìró yẹn, wọ́n fọwọ́ bo ẹnu. Lẹ́yìn tí ẹ ti kúrò lórí fóònù, wọ́n ní, "Wúrà, bá mi kọ ọ́ sí Bọ̀sẹ̀ pé kó má gé e." Mo ní ṣé kí n sọ ìdí rẹ̀. Wọ́n ní, "Rárá. Ojú ń tì mí." Nítorí náà, "má gé e" nìkan ni tiwọn. Gbogbo ìyókù, èmi ni, tòun ti oyè tí mo fi wọ́n jẹ.

Mo gba ohùn wọn lò torí bí mo bá fi orúkọ mi sí i, ẹ ò ní kà á. Láti ìgbà tí mo fi ohùn pásítọ̀ pè yín lọ́jọ́ kejì ìgbéyàwó, tí mo ní wọ́n gbàgbé láti sọ "àmín" nígbẹ̀yìn, pé kí ẹ̀yin àti Bọ̀ọ̀dá ọkọ yín padà wá tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀, ẹ kì í gbé fóònù mi mọ́. Mo jẹ̀bi ìyẹn. Mo gbọ́ pé ẹ ti wọ bàtà kí ẹ tó mọ̀ pé èmi ni.

Ohun tí mo kọ nípa abẹ́ ibùsùn, òótọ́ ni. Màmá rò pé mo ti gbàgbé, wọn kì í dárúkọ rẹ̀. Ohun tí àwọn gan-an ò mọ̀ ni pé mo ti di bàtà mi àti aṣọ ilé ìwé mi sínú ọ̀rá kan níbẹ̀. Kuje ni mo ń lọ, lọ́dọ̀ ìyá tó bí màmá mi. Mo mọ ibi tí wọ́n ti ń wọkọ̀. Mo kàn ń dúró kí Màmá kúrò nínú yàrá ni. Wọn ò kúrò. Mo ń wo ojú wọn nílẹ̀, eruku lẹ̀ mọ́ ọn, wọn ò nù ún. Mo ń ro pé àgbàlagbà ni wọ́n, wọ́n lè dìde nígbà tó bá wù wọ́n, wọ́n sì lè ní kí Bàbá nà mí. Ni mo bá tú ọ̀rá náà díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n má baà gbọ́ ọ.

Mi ò tíì sọ ìyẹn fún wọn rí. Ẹ má bá mi sọ ọ́, èmi ni mo máa sọ ọ́.

Bí ìwé yìí bá pẹ́ dé, tí ẹ bá ti gé ìró náà, ẹ má sáré lọ ra nǹkan kan. Ẹ dùbúlẹ̀ síbi tí Fèyí bá sá sí. Kó rí ojú yín. Ó lè ti di ẹrù sínú ọ̀rá tirẹ̀ náà, Àǹtí mi, ẹ ò sì ní mọ̀.

Tí ẹ bá kà á tán, ẹ má pè mí láti bú mi. Ẹ lọ bá Fèyí jókòó ná.

Àbúrò yín tó fẹ́ràn yín,
Wúrà.